Àyè Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Ọmọbìnrin mi kò tíì pẹ́ ní yunifásítì tí ó fi wálé wá sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ aṣọ sílẹ̀, òun fẹ́ bọ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo ń fọ àwo tí mo fi jẹun. Mi ò yíjú padà.

"Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Etí mi ò di."

"Ẹ ò wí nǹkan kan."

"Àwo ni mò ń fọ̀."

Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó dúró tì mí láti máa nu èyí tí mo bá ti fọ̀. Àwo kan àti ife kan péré ni. Wọn kì í pẹ́ fọ̀ tán. Nígbà tí kò sí ohun tí a ó máa nù mọ́, ó fi aṣọ náà kọ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ni ó yan ẹ̀kọ́ aṣọ fún un. Aránṣọ ni ìyàwó mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì gígùn tí ó ń gé aṣọ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, dígí kan tí ó ga tó ènìyàn lára ògiri. Abẹ́ tábìlì yẹn ni ọmọ wa ti kọ́ ìrìn, láàárín ègé aṣọ. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ó ní bí ènìyàn bá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó ti sọ nù, bí ènìyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, onítọ̀hún á mọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí a kọ sí ìwé ìbí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ó pè wá mọ́ra, èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ kọ́ iṣẹ́ yìí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ dáadáa. Kó má jẹ́ abẹ́ tábìlì nìkan ni yóò ti kọ́ ọ, bíi tèmi." Kò rí ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gba ọmọ náà wọlé. Èmi ni mo gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì padà sílé bí ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.

Nítorí náà, nígbà tí ó ní òun fẹ́ bọ́ sí ibòmíràn, lójú mi ńṣe ló dà bí ẹni pé ó fẹ́ gbé tábìlì ìyá rẹ̀ síta sínú òjò.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìwé ni mò ń ṣà sọ́tọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí ìwé kọ̀ọ̀kan dé ibi tí a kọ sára rẹ̀. Kò kàn mí bóyá ibẹ̀ ni ó wu ìwé náà láti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ìyàwó mi dé. Onídìrí ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ kú ilé o. Mo gbọ́ pé ẹ ti di odi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọmọ yín ni. Ó ní òun bá ògiri sọ̀rọ̀ lánàá, ògiri ń fọ àwo."

Mo ní kí ó jókòó. Ó jókòó. Mo ní: "Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé omi sí i lẹ́nu. Ó ní kí ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni dáadáa. Ọmọ ti lọ. Ó débẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó rí iṣẹ́ mìíràn. Àbí ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ dìde wá jókòó sí kíláàsì?"

"Má fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mi."

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni kó tó di ìyàwó yín." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ìyá wa ní kí n di nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀? Ẹ fojú inú wò ó. Pẹ̀lú ẹnu mi yìí, àwọn aláìsàn ì bá ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ì bá sá lọ sílé wọn."

Ọmọ rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ilé náà. Mo pè é. Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí rẹ̀.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ni mo bi í.

Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan bàjẹ́ ní kíláàsì àwọn, wọ́n sì ní kí òun gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀gá ibẹ̀ dojú ẹ̀rọ náà dé, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó sì ní kí òun máa yí i díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá mi, mo rí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òwú, tí irin kékeré kan á yípo wá láti ìsàlẹ̀, á fi ẹnu gbé òwú náà, kò ní pẹ́, kò ní yá. Láti kékeré ni mo ti ń sùn sídìí irú ẹ̀rọ yẹn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ẹnì kan gbé láti ọjọ́ yìí wá, tí kò mọ̀ pé ó ní ọkàn." Ó wo ilẹ̀. "Láti ọjọ́ náà, tí mo bá jókòó sí kíláàsì aṣọ, ẹ̀yìn ni mò ń wò. Tí mo bá dé ọ̀hún, iwájú ni mò ń wò."

Ó ní ẹ̀ka náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun díẹ̀ láti ẹ̀ka mìíràn kí ìdajì ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Ó ti yege nínú ìṣirò. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Tí kò bá yege nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn á tì, ẹ̀kọ́ aṣọ ni yóò kà jáde.

"Máa lọ," ni mo wí. "Mi ò dá ọ dúró."

Àǹtí rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọ kò pàtẹ́wọ́. Ó mọ̀ pé "mi ò dá ọ dúró" kì í ṣe "mo fọwọ́ sí i". Èmi náà mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo ṣí yàrá iwájú. Mo máa ń ṣí i. Mo máa ń jókòó lórí àga tí ìyàwó mi ń jókòó lé nígbà tí ó bá ń dá ihò bọ́tìnì. Mi ò kì í ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Mo jókòó, ilẹ̀ ṣú, mo ti ilẹ̀kùn.

Ó tún wálé lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àpò pélébé kan lápá. Ó kí mi, ó lọ tààrà sí ìdí tábìlì ìjẹun, ó sì gbé agolo kan lé e. Agolo tí a fi páànù ká ni, kò ju ife omi lọ. Ó gbé ìdérí kékeré kan tì í.

"Mo fìdí rẹmi," ni ó wí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́: ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, ọmọ á padà sí ìdí aṣọ, gbogbo nǹkan á sì wà bí ìyá rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀.

"Báwo ló ṣe jẹ́?"

Ó ní wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní páànù àti àwòrán. Ìdérí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí olúkúlùkù gé páànù bí àwòrán ṣe wí, kí ó ká a roboto, kí ó fi etí rẹ̀ méjèèjì kọ́ ara wọn, kí ìdérí sì bò ó láì há, láì mì. Ọ̀gá tí ń wọ̀n ọ́n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Kò-Tó, nítorí pé ohun yòówù tí wọ́n bá gbé fún un, yóò gbé rúlà irin rẹ̀ tì í, yóò ní: "Kò tó."

"Nígbà tí ó kàn mí, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní: 'Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, mi ò tíì rí èyí tó pọ̀ jù rí.' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín."

Mo mú ìdérí náà, mo gbé e lé agolo. Kò wọ̀.

"Ṣé o kò rí ìlà inú àwòrán ni?"

"Mo rí i. Mo fà á sórí páànù bó ṣe wà gan-an. Nígbà tí mo gbé àlùmọ́gàjí, mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà kí n tó gé e. Àyè tí etí rẹ̀ máa gbà ti wà nínú àwòrán tẹ́lẹ̀, èmi tún fi tèmi kún un. Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é, Bàbá mi. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi tàn mí jẹ."

Mo di agolo náà mú.

Ìyàwó mi kì í gé aṣọ lórí ìlà. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, yóò wá da àtàǹpàkò òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ẹ̀yìn àtàǹpàkò yẹn ni àlùmọ́gàjí yóò gbà. Àwọn aránṣọ yòókù ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ojú rírán. Tirẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ. Bí àwọn oníbàárà bá ní ó ń fi aṣọ àwọn ṣòfò, á ní: "Ara ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Ẹ óò padà wá bẹ̀ mí kí n tú u." Wọ́n sì máa ń padà wá. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ga ju ìyá wọn lọ ṣì ń wọ aṣọ tí ó rán fún wọn.

Àyè náà nìyí lára páànù. Ìbú àtàǹpàkò ìyàwó mi, yíká.

"Kò-Tó ní ibi tí mo ti fi etí kọ́ etí ló dára jù nínú ti gbogbo wa," ni ọmọ ń sọ. "Nítorí ẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní kí n mú ìdérí yìí dání, kí n lọ bá ọwọ́ ara mi sọ̀rọ̀." Ó fa àga, ó jókòó síwájú mi. "Mo ti gbìyànjú ní ilé àwa akẹ́kọ̀ọ́. Tí n bá dá wà, mi ò kì í rí i. Ẹ bá mi jókòó tì í. Tí ẹ bá ti rí àtàǹpàkò mi, ẹ kàn pè é."

"Èmi? Kí ni mo mọ̀ nípa páànù?"

"Ẹ mọ àtàǹpàkò, Bàbá mi."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn; ilé ni ó ti ń sùn títí di ọjọ́ ìdánwò. A kò lo páànù. A tú àwọn páálí tí wọ́n fi ń kó ọjà, èyí tí àǹtí rẹ̀ gbà fún wa lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìpara irun. Lórí tábìlì yàrá iwájú ni, nítorí pé kò sí tábìlì mìíràn tí ó tẹ́ tó o. Ó fa ìlà. Ó gbé àlùmọ́gàjí. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ rìn jáde wá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.

"Àtàǹpàkò," ni mo wí.

Ó mú un kúrò. Ó gé e. Ó fa òmíràn.

"Àtàǹpàkò."

Ó mú un kúrò.

Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tí ó nira fún mi tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí ìjókòó ni mo ti ṣe é. Èékánná rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ìyá rẹ̀. Oríkèé rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àtàǹpàkò náà bá yọjú, inú mi á kọ́kọ́ dùn, bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ẹsẹ̀ ará ilé ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni n óò lé e jáde. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo fi ń lé e.

Àǹtí rẹ̀ yọjú wò wá, ó di ẹnu ọ̀nà mú. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rò pé ìdánwò ẹnjiníà le. Páálí ni wọ́n ń gé!"

"Àǹtí, ẹ wá gbìyànjú."

"Irun ni mo mọ̀ ọ́n gé. Tí ó bá pọ̀ jù, mo tún un gé. Tí ó bá kéré jù, mo ní kí oníbàárà ní sùúrù, á hù." Ó wo orí tábìlì, ó wo àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo jókòó lé. Ó rí ibi tí a wà. Ó kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Bí ọjọ́ ti ń lọ, àtàǹpàkò náà ń dínkù. Ó di pé ọmọ lè gé bíi mélòó kan kí ó tó yọjú. Ọmọ ń túra ká, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó kẹ́yìn, ó fa ìlà kan. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kan tí ó ń fa omi, kò fi gbogbo ọkàn sí i. Àtàǹpàkò yọ. Ó rọra dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Mo rí i dáadáa. Ó ti pẹ́ tí kò yọjú, ó sì ṣe mí bíi pé kò ní yọjú mọ́. Mo pa ẹnu mi dé. Àlùmọ́gàjí gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí dé òpin.

Ó ká páálí náà. Ó gbé ìdérí lé e. Kò wọ̀.

Ó gbé ojú sókè. "Ẹ ò sọ."

"Mi ò sọ."

"Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i."

Mo rò pé yóò bínú. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ìdánwò rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó fi páálí náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tí ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ó ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Nígbà mìíràn tí mo bá dá wà, mo máa ń jẹ́ kó dúró síbẹ̀."

A jókòó. Mo fẹ́ sọ fún un pé kí ó fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ó padà sí ìdí aṣọ, kí ọwọ́ yẹn lè máa ṣe bí ó ti ń ṣe títí ayé. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí ó ti mọ ibi tí ó ń lọ ni, tí ó sì ń dúró kí n ṣí ọ̀nà.

"Fa òmíràn," ni mo wí. "N óò pè é."

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó ní kí n bá òun lọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ láyé ijọ́un. Ilé iṣẹ́ wọn gùn, òrùlé rẹ̀ ga, òórùn òróró àti irin gbígbóná kún inú rẹ̀. Tábìlì onígi nípọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohun èlò kọ́ sókè wọn ní títò. Kò-Tó jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, gíláàsì ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ ó dúró níta, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín nìkan ló ń ṣe ìdánwò."

"Ó yé mi."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́ràn?"

"Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàìgbọràn rí," ni mo dá a lóhùn. "Ẹni tí ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ni kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó wò mí. Ó mi orí, ó sì wọlé.

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n fún un ní páànù. Ó tẹ́ ẹ, ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ó gbé àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé páànù. Ó wúwo ju ti ìyá rẹ̀ lọ, mo rí i ní èjìká rẹ̀.

Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Gíláàsì fèrèsé wà láàárín wa. N óò parọ́ bí mo bá ní mo mọ èyí tí mo fẹ́: kí ó mú un kúrò ni, àbí kí ó jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀ fún mi, lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n wò ó.

Ó rí i. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ tí ó ń wò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí Kò-Tó fi gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà, ó ká àtàǹpàkò náà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ọwọ́ dé lé e, ó fi ẹ̀yìn ìkúùkù náà tẹ páànù mọ́lẹ̀, ó sì gé e lórí ìlà.

Mo yí ẹ̀yìn padà. Mo wo ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá pẹ̀lú ìwé lápá, àwọn kan ń jẹ búrẹ́dì bí wọ́n ti ń rìn. Mo gbọ́ òòlù lẹ́yìn mi, ó ń rọra lu irin. Ó dákẹ́. Ohun gbogbo dákẹ́. Mo mọ̀ pé rúlà ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Ó tó."

Kí n tó yíjú padà, ariwo ti gba inú ilé náà. "Ọ̀gá, ẹ tún un wí!" "Ẹ tún un wọ̀n, ẹ lè má rí i dáadáa!" "Ẹ bá wa bi Ọ̀gá bóyá ara wọn yá!" Kò-Tó ń lé wọn padà sí ìdí iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lójú rẹ̀.

Ọmọ sáré jáde sí mi. Epo wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bàbá mi, wọ́n gbà mí. Wọ́n gbà mí!"

"Mo gbọ́," ni mo wí. "Mo fọwọ́ sí i."

Omi kún ojú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ, mo ṣí ẹnu: "Ìyá rẹ ì bá..."

Ó bá mi parí rẹ̀. "Màámi ì bá ní ó ti fún jù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu tirẹ̀ náà. A dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn, a ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní ọ̀fọ̀ nílé, títí tí Kò-Tó fi pè é pé kí ó wá tẹ̀ lé àwọn tí ń lọ gba ẹ̀wù iṣẹ́.

"Ẹ máa lọ sílé o, Bàbá mi. Ẹ má dúró dè mí, ó máa pẹ́."

"Wọlé lọ."

Ó wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde láti ilẹ̀kùn kejì, gbogbo wọn ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù kan náà. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà lọ. Mo fi ojú wá a láàárín wọn. Mo rò pé mo rí i. Wọ́n yà ní igun ilé.

Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé ta ni mò ń dúró dè.